Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn kọmíṣọ́nà ètò ìlera nílẹ̀ Yorùbá: ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó wọn oògùn

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ẹ̀yin kọmíṣọ́nà tó ń mójú tó ètò ìlera ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì (kí Kwara àti Kogí má bínú, ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n pẹ̀lú),

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo mọ̀ pé ìwé tó ń dé orí tábìlì yín lójúmọ́ pọ̀ ju èyí tí ojú lè kà tán lọ, pàápàá ìwé àwa òṣìṣẹ́ ìlera, tó jẹ́ pé owó àjẹsílẹ̀ la sábà máa ń torí ẹ̀ kọ ọ́. Tèmi kì í ṣe ti owó. Sìkéèlì ni mo ń tọrọ, sìkéèlì tí a fi ń wọn ọmọ, àti sírínjì kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn alábọ́dé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbọ́ jù lẹ́nu àwa tí à ń fún ọmọ lóògùn ni, "Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni?" Ìyá á ní ọmọ ọdún méjì ni. A ó ní ó dáa, ìdajì hóró láàárọ̀, ìdajì lálẹ́. Ó tán. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún méjì kan lè tẹ̀wọ̀n kílò 8, kí èyí tí wọ́n jọ bí lọ́sẹ̀ kan náà ní ojúlé kejì tẹ̀wọ̀n kílò 14. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ara wọn kò dọ́gba. Bí a bá wá fún àwọn méjèèjì ní oògùn tó dọ́gba, ó dájú pé a ti ṣi ti ẹnìkan fún.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ara mi, kó má di pé ẹlòmíràn ni mò ń tọ́ka sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, òjò ń rọ̀, iná ti lọ, tọkọtaya kan sáré gbé ìkókó ọlọ́jọ́ mẹ́rin wọlé. Kò mu ọmú láti àárọ̀. Ara rẹ̀ tutù. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sí ibà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ìkókó tí kòkòrò bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máà gbóná rárá, ó lè tutù bí omi àmù. Mo gbé e sórí sìkéèlì, kílò 1.9. Ampicillin àti gentamicin ni ìwé ìtọ́sọ́nà ní ká fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ti ampicillin kò le. Gentamicin ni iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Kíndìnrín ló ń fọ gentamicin kúrò lára, kíndìnrín ọmọ tuntun sì ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, ojoojúmọ́ ló ń já fáfá sí i. Ìdí nìyẹn tí ìwé kékeré tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ̀ jáde fún ìtọ́jú ọmọdé fi ní ká fún ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré ní mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ pé, 5 ni. Bí wọ́n bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ó di 7.5. Ọmọ tèmi yìí, mílígíráàmù 5.7 ló tọ́ sí i. Ampúlù tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa jẹ́ mílígíráàmù 80 nínú mílílítà 2, torí àgbà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Iye tí mo ní láti fà jẹ́ nǹkan bíi 0.14 mílílítà, sírínjì tó sì kéré jù lọ́wọ́ mi, ìlà kan lára rẹ̀ jẹ́ 0.1. Ohun tí mò ń wá wà láàárín ìlà kìíní àti ìkejì, lókùnkùn, ọkọ obìnrin náà ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án fún mi, ọwọ́ òun náà sì ń gbọ̀n. Oògùn tó máa ń sá pamọ́ sí ẹnu sírínjì, níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọ̀ ọ́, nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí ọmọ náà fẹ́ gbà.

Mo bu omi abẹ́rẹ́ mílílítà 6 lé mílílítà 2 yẹn, ó di 8. Mílígíráàmù 10 wá wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Mo fa ìdajì mílílítà àti díẹ̀ lé. Ọmọ náà yè é.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn kì í ṣe ọmọ yẹn. Àwọn tí mo ti gún lábẹ́rẹ́ ṣáájú rẹ̀ ni, torí ó ti tó ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kí mátírọ́ọ̀nù àgbà kan tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi là á. Kí ó tó kọ́ mi, ojú ni mo fi ń díwọ̀n. Gentamicin tó bá pọ̀ jù máa ń ba etí jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ nínú etí nípa bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà sípò. Ìkókó kò lè wí pé òun kò gbọ́ mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ìyá á máa gbé ọmọ tí kò fọhùn kiri láti orí òkè àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, ta ni yóò wá bi í pé irú abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún un ní ọjọ́ kẹrin? Bó bá sì kéré jù, kòkòrò náà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ampúlù ti ọmọdé wà lórílẹ̀ ayé, Ọlọ́lá. Mílígíráàmù 20 nínú mílílítà 2. Sírínjì mílílítà 1 tó ní ìlà ọgọ́rùn-ún lára wà. N kò gbọ́ pé àwọn méjèèjì wọ́n. Wọn kò kàn sí nínú ìwé tí a fi ń béèrè oògùn ni, nítorí ẹni tó kọ ìwé náà kò gbé ìkókó lọ́wọ́ rí nígbà tí iná lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa rò ó pé ohun tí mò ń sọ ni pé ká dín oògùn kù fún ọmọdé. Rárá o. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn ún gbọ́ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣìnà. Ìkókó kì í tètè lo oògùn tán, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin lè máa lò ó tán kíákíá ju bàbá tó bí i lọ. Ní 1959, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, tí wọ́n ń fún ní chloramphenicol kí kòkòrò má baà wọ̀ wọ́n, ń yí àwọ̀ padà bí eérú, wọ́n sì ń kú. Ẹ̀dọ̀ wọn kò tíì lágbára láti lo oògùn náà tán, ó ń gbára jọ sínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nígbà tó pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Artesunate, abẹ́rẹ́ tí à ń fún ọmọ tí ibà ti gbé dé gìrì, mílígíráàmù 2.4 fún kílò kan ni gbogbo wa ń fún àgbà àti ọmọdé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò, wọ́n rí i pé oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ti àgbà rárá. Ní 2015, WHO sọ ọ́ di 3 fún ọmọ tí kò bá tó kílò 20. Ọmọ kílò 10 tó ń gba 24 tẹ́lẹ̀, 30 ló tọ́ sí i. Bí a bá pò ó fún iṣan ẹ̀jẹ̀, mílílítà 3 ni, kì í ṣe 2.4. Ẹ rántí pé oògùn yìí kan náà ni ìwádìí ńlá tó jáde ní 2010 ti fi hàn pé ó ju kwìnínì lọ. Ọmọ 5,425 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Adúláwọ̀ ló kópa, Ìlọrin tiwa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, ikú sì fi ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ dínkù. Oògùn rere ti dé, ọdún márùn-ún ṣì kọjá kí a tó mọ iye tó yẹ ọmọdé. Mo ṣì ń rí ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi púpọ̀, tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀, 2.4 ló wà lára rẹ̀.

Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tún burú ju ìyẹn lọ. Mo bá àsìkò tó jẹ́ pé hóró àgbà la fi bíléèdì gé fún ọmọ. Ẹ mú hóró oògùn kan, ẹ fi bíléèdì gé e sí mẹ́rin, ẹ wá wò ó bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dọ́gba. Ìdá kan á fọ́ yángá, èkejì á di lẹ́búlẹ́bú sórí tábìlì, ìyá á fi ìka lá a sínú ṣíbí, a ó ní ó ti tó. Ní 2010 ni WHO jáde pé ìwọ̀n tí a ń fún ọmọdé ti kéré ju bó ti yẹ lọ láti ọjọ́ pípẹ́: isoniazid, láti 5 lọ sí 10 fún kílò kan, rifampicin láti 10 lọ sí 15. Ó dára. Ṣùgbọ́n hóró tó bá ìwọ̀n tuntun náà mu kò jáde títí di Oṣù Kejìlá 2015. Ọdún márùn-ún ni ìmọ̀ fi wà nínú ìwé tí oògùn kò sí nínú ike.

Nígbà tó wá dé, inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Hóró kékeré tó ń yòrò nínú omi, tó ń ta sánsán bí èso, tí ọmọ kì í pọ̀ dànù. Ọmọ kílò 4 sí 7, hóró kan. 8 sí 11, méjì. 12 sí 15, mẹ́ta. 16 sí 24, mẹ́rin. Kò sí gígé, kò sí bíléèdì, kò sí ìṣirò kankan tó le ju ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kílò ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ ọdún. Gbogbo owó àti ọgbọ́n tí ayé ná sórí hóró yẹn, orí sìkéèlì ló dúró lé.

Ó sì yẹ kí n sọ fún yín bí sìkéèlì wa ṣe rí. Sìkéèlì tí à ń so kọ́ ni, èyí tó ní pátá tí a ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló ń jáde. Ọjọ́ tó kù, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, kí wọ́n má baà jí i gbé. Ọmọ tí ibà bá kọ lù ní Ọjọ́ Ajé, ojú la fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀kan tí mo lò fún ọdún mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ kì í padà sórí òdo. Inú òfo ló ti ń ka kílò kan. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a máa ń yọ kílò kan kúrò lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá, tí ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún un, kò yọ nǹkan kan. Lára ọmọ ńlá, kílò kan lè máà hàn. Lára ọmọ kílò 3 ńkọ́?

Èyí mú mi dé orí àwọn tó kéré jù lọ. Ní Oṣù Keje 2025, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní orílẹ̀-èdè Switzerland fọwọ́ sí oògùn ibà tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti Medicines for Malaria Venture jọ ṣe fún ìkókó láti kílò 2 sí 5. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́jọ nílẹ̀ Adúláwọ̀ tó bá wọn dá sí àyẹ̀wò rẹ̀. Kí ó tó dé, kò sí oògùn ibà kan tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọmọ tí kò tó kílò 4 àbọ̀. Ti ọmọ ńlá la ń bù fún wọn. Kì í sì ṣe pé wọ́n kàn gé oògùn àtijọ́ kéré. Artemether àti lumefantrine ló ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín àwọn méjèèjì sí ara wọn ti yàtọ̀, nítorí ara ìkókó kì í lò wọ́n bákan náà bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí èyí náà tún fi ọdún márùn-ún rìn láti inú ìwé dé inú ike.

Ní ti oògùn ibà yìí, nǹkan kan wà tí kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ọ̀rá ni lumefantrine fi ń wọ ara. Láìsí ọ̀rá nínú oúnjẹ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á gba inú ọmọ kọjá ni. Kí la máa ń fún ọmọ tí ibà ń ṣe? Ògì tó ṣàn, tí a lè fi wo ojú. Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn ọmọ kékeré, pàápàá àwọn tí kò jẹun kánú, ni oògùn yìí máa ń kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tó nílò rẹ̀ jù ló ń rí i gbà kéré jù. Kí nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá pé kó fún un lọ́mú sí i, tàbí kó bu wàrà, wàrà ṣóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sínú ògì náà, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwa náà kò sọ ọ́ tó, mo gbà.

Àwọn aboyún náà wà nínú ẹ̀ka yìí. Lumefantrine máa ń kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti obìnrin tí kò lóyún lọ, nítorí náà kí ìlò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, kí wọ́n sì fi oúnjẹ olọ́ràá gbè é. Ti Fansidar tí à ń fún wọn kí ibà má baà kọ lu ọmọ inú ló ń dùn mí jù. Ọ̀nà tí Fansidar ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé kì í jẹ́ kí kòkòrò ibà lè ṣe fólíìkì tirẹ̀, èròjà tó fi ń dàgbà. WHO sì ti wí i pé kí fólíìkì tí aboyún ń lò lójúmọ́ jẹ́ mílígíráàmù 0.4, àti pé tó bá ti tó 5, ó ń dí Fansidar lọ́wọ́. Ẹ lọ wo inú báàgì aboyún tó ń ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀, kí ẹ ka ohun tó wà lára ike fólíìkì rẹ̀. Márùn-ún ni ẹ ó bá níbi púpọ̀. A fi ọwọ́ ọ̀tún gba oúnjẹ lẹ́nu kòkòrò, a fi ọwọ́ òsì bù ú fún un.

N kò ní gùn ún jù lórí àwọn tó ní kòkòrò HIV pọ̀ mọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí àwọn tó ń tọ́jú wọn sábà máa ń mọ̀ ju àwa yòókù lọ. Rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ń lé dolutegravir, oògùn HIV, kúrò lára kíákíá, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni àgbà ń lo mílígíráàmù 50 rẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀kan. Kìkì pé nígbà tí wọ́n bá fi aláìsàn ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀, kí ibòmíràn má dín in kù.

Ó ku àwọn kẹ́míìsì. Ìyá púpọ̀ ni kì í dé ọ̀dọ̀ wa kó tó kọ́kọ́ yà síbẹ̀, ẹ má sì dá wọn lẹ́bi, ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé, wọn kì í sì í tò síbẹ̀. Mo mọ ọ̀kan láàárín wọn, ọmọkùnrin tó mòye, tó ra sìkéèlì fúnra rẹ̀ tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ káńtà. Ó ní àwọn ìyá kan rò pé iyán òun fẹ́ gún ni. Ní báyìí, àwọn náà ló ń gbé ọmọ lé e kí ó tó wí. Bí ẹ bá ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n sí i. Ẹ tẹ ìwé kan tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri, lédè Yorùbá, kílò lápá kan, iye hóró tàbí mílílítà lápá kejì. Kí ó jẹ́ òfin pé a kò gbọdọ̀ kọ oògùn sórí káàdì ọmọ tí a kò bá tíì kọ kílò rẹ̀. Kí sìkéèlì méjì wà níbi kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn má wọ kọ́bọ́ọ̀dù láé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tí ẹ kì í ṣe kọmíṣọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ po oògùn nílé. Mo kọ wọ́n kí ẹ lè béèrè ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara ọmọ ọmọ mi gbóná, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan, ọmọ dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà. Ọmọ ọdún mélòó ni?" Mo ní, "Kílò mélòó ni kí o bi mí." Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀, ó dìde lọ wá sìkéèlì. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ sí ìpàdé, ní ọ̀dọ̀ yín.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì